Bí ẹ ṣe lè ro ẹjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ojú pópó tí ẹ ò tíì san

Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó já fún yín, ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kan ní ẹ rú òfin. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu yín kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni pé èèyàn á ju ìwé náà sínú ọkọ̀, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá a á sì kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, ẹjọ́ ti di méjì: ẹjọ́ ohun tí wọ́n ní ẹ ṣe lójú títì, àti ẹjọ́ ìdí tí ẹ ò fi dáhùn. Kóòtù kì í gbọ́ ti àkọ́kọ́ bí ẹ ò bá tíì yanjú ìkejì. Mélòó la fẹ́ kà nínú àwọn tó kó fọ́tò àti ẹlẹ́rìí dé kóòtù, tí wọ́n sì bá a pé wọ́n ti dá wọn lẹ́bi lẹ́yìn wọn tipẹ́tipẹ́?

Nǹkan kan ṣáájú: bí ẹ bá fẹ́ ro ẹjọ́ náà, ẹ má tíì sanwó ìtanràn. Ní ibi tó pọ̀ jù, ẹni tó san án ti gbà pé òun jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Owó ìdúró yàtọ̀ o. Ní California, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ro ẹjọ́ rẹ̀ láìyọjú sí kóòtù á kọ́kọ́ fi gbogbo iye náà sílẹ̀, wọ́n á sì dá a padà fún un bó bá jàre. Irú owó bẹ́ẹ̀ ò sọ yín di ẹlẹ́bi, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó gbà á, ẹ ka ohun tó kọ sórí rìsíìtì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wádìí ibi tí ẹjọ́ náà dé

Ẹ mú nọ́ńbà orí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ pe ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù tàbí kí ẹ lọ síbẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti sọnù, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí ti láísẹ́ǹsì yín máa ń tó láti fi wá a. Ẹ béèrè pé: ṣé ọjọ́ tó yẹ kí n dáhùn ti kọjá? Ṣé wọ́n ti dá mi lẹ́bi? Ṣé ìwé àṣẹ wà níta pé kí wọ́n mú mi? Ṣé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì mi? Ọjọ́ wo ló kù fún mi láti ṣe nǹkan? Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ṣe ìwádìí yìí. Àwọn gbájúẹ̀ ti ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ayé pé ẹ jẹ owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ ibí yìí kí ẹ san án kíákíá. Àdírẹ́sì tó wà lára ìwé tí wọ́n fún yín ni kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n bá ní ìwé àṣẹ ìmúni ti jáde, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dá yín dúró lọ́nà. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fagi lé e, ojú tí wọ́n máa fi wò ó yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọlọ́pàá wọ́ wá. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ, tàbí kí ẹ bi akọ̀wé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa ọkọ̀ lọ sí kóòtù. Ó ń ṣẹlẹ̀. Wíwa ọkọ̀ láìní láísẹ́ǹsì tó dúró máa ń le ju ohun tí wọ́n torí ẹ̀ já tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dáhùn fún pípẹ́ yín

Bí ọjọ́ ò bá tíì kọjá, ẹ fo apá yìí. Bó bá ti kọjá, ohun tí kóòtù fẹ́ gbọ́ ò pọ̀: kí ló fà á, ẹ̀rí rẹ̀ dà, ìgbà wo lẹ mọ̀, kí lẹ sì ṣe nígbà tí ẹ mọ̀? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló ń tú ọ̀pọ̀ èèyàn fó. Ẹni tó gbọ́ lónìí tó sì dé kóòtù lọ́la lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́, tó tún sùn lé e fún oṣù mẹ́ta, kò ní in mọ́.

Ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìwé ò dé ọwọ́ ẹni. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ sí, yálà ẹ ṣì ń gbé ibẹ̀ tàbí ẹ ti kó. Ẹ mú ìwé tó fi ọjọ́ tí ẹ kó hàn wá. Bó bá jẹ́ àìsàn, ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn tó ní ọjọ́ lórí. Bó bá jẹ́ ìrìn àjò, ẹ mú òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù.

Bí wọ́n bá ti dá yín lẹ́bi láìsí yín níbẹ̀, ọ̀nà ṣì wà, àmọ́ ó ní gbèdéke. Ní England àti Wales, ọjọ́ 21 ni ẹ ní, láti ọjọ́ tí ẹ gbọ́ nípa ìdájọ́ náà, láti lọ búra pé ẹ ò mọ̀ pé ẹjọ́ kankan wà. Ìdájọ́ yẹn á dà nù, ẹjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ọjọ́ 15 ni, láti ìgbà tí ẹ mọ̀. Ẹ wádìí iye tiyín. Ẹ má sì búra irọ́, torí ìbúra èké wúwo ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn gbàgbé ni ńkọ́? Ẹ sọ pé ẹ gbàgbé. Ẹ má fi irọ́ pa ìyá àgbà yín nítorí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tó tó sọ níwájú adájọ́ ò ju èyí lọ: "Mo gbàgbé ọjọ́ náà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kóòtù. Ọjọ́ Ajé ni mo rí ìwé náà, ọjọ́ kejì ni mo wá síbí. Mi ò gbà pé mo jẹ̀bi ẹ̀sùn náà, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ tí màá fi ro ẹjọ́ mi." Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ro ẹjọ́ ojú títì níbẹ̀ rárá. Ìyẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀.

Ní àwọn ibòmíràn, àìyọjú fúnra rẹ̀ á di ẹ̀sùn mìíràn. Ní California, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì pé ẹ máa wá, tí ẹ ò sì wá, ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró nìyẹn. (Ìfọwọ́sí yẹn kì í ṣe gbígbà pé ẹ jẹ̀bi o. Ìlérí pé ẹ máa yọjú ni.) Nítorí náà, ẹ rí i pé ẹ̀sùn méjèèjì ni ẹ dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tú ẹ̀sùn náà sí wẹ́wẹ́

Ibí ni iṣẹ́ wà. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ òfin ní ẹ̀ka bíi mélòó kan, ẹni tó fi yín sùn ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́sẹ̀. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, ẹ̀sùn yẹn ò dúró mọ́. Ẹ wá abala òfin tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ má gbára lé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká mú iná pupa. Òfin tó pọ̀ jù kò ní "ó wà láàárín oríta nígbà tí iná pọ́n." Ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ kọjá ìlà ìdúró lẹ́yìn tí iná ti pọ́n. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ nìyí: ta ló ń wa ọkọ̀? Ibo ni ìlà náà wà? Ibo ni táyà iwájú wà lásìkò tí iná yí? Ta ló rí i, láti ibo? Bó bá jẹ́ kámẹ́rà, ẹ béèrè gbogbo fọ́tò, kì í ṣe ẹyọ kan. Ó sábà máa ń ya ọ̀kan kí ọkọ̀ tó kọjá ìlà àti ọ̀kan nígbà tó ti wọ oríta, á sì kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí iná ti pọ́n sára rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè fi ìyẹn ṣírò bóyá ohun tí wọ́n sọ àti ohun tó wà nínú fọ́tò bára mu. Ìgbà míì wọn kì í bára mu.

Ti eré àsápajúdé le díẹ̀, torí ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè irú ẹ̀rọ tó jẹ́, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, àti bóyá ẹni tó lò ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìtànṣán rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò díwọ̀n eré ọkọ̀, máa ń fẹ̀ bó ṣe ń jìnnà, débi pé ó lè bo ju ọ̀nà ọkọ̀ kan lọ. Bí ọkọ̀ ńlá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọkọ̀ tí nọ́ńbà yẹn jẹ́ tirẹ̀. Ti lésà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ díwọ̀n eré, tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, àríyànjiyàn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un. Àríyànjiyàn kan sì wà tí mo ń bẹ̀ yín kí ẹ má gbé dé kóòtù: "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ẹ̀ṣọ́ náà wà, kò dojú kọ mí tààrà, ẹ̀rọ rẹ̀ ò lè tọ̀nà." Òótọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ máa ń mú kí ó ṣì í, ṣùgbọ́n fún rédà tó dúró lójú kan, ńṣe ni iye tó gbé jáde máa ń kéré sí eré tí ẹ sá gan-an. Ẹ óò ti jẹ́rìí pé ẹ sáré ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ.

Àṣìṣe inú ìwé ńkọ́? Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún àwọn tó ń sọ pé lẹ́tà kan tó bá ṣì, tíkẹ́ẹ̀tì ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ orúkọ yín láìpé tàbí wọ́n pe ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ní dúdú, adájọ́ máa ní kí wọ́n tún un ṣe, ẹjọ́ á sì máa lọ. Àṣìṣe tó ní agbára ni èyí tó kan ẹni náà, ibi náà, àkókò náà tàbí òfin náà: nọ́ńbà ọkọ̀ tí kì í ṣe tiyín, ojú ọ̀nà tí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, wákàtí tí àmì "má dúró síbí" kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pípẹ́ tiwọn náà wà níbẹ̀. Ní England àti Wales, fún eré sísá tí kámẹ́rà ká, ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 14, àyàfi tí wọ́n bá ti dá a dúró lójú ẹsẹ̀ kìlọ̀ fún un. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé, kí ẹ tọ́jú àpòòwé rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá tú u tán tí ẹ ò rí ẹ̀ka kan ṣoṣo tí ẹ lè gbá mú, mo rò pé kí ẹ san án. Ìbínú sí ẹ̀ṣọ́ kò tó gbé wọ kóòtù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kó ẹ̀rí jọ

Ẹ kọ̀wé béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́: àkọsílẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ náà ṣe lọ́jọ́ náà, fọ́tò, fídíò, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀rọ. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé tí ẹ kọ. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ tún kọ ọ́, torí ẹ̀dà méjèèjì ni ẹ óò fi hàn adájọ́ bí ẹ bá fẹ́ kó sún ẹjọ́ síwájú. Fídíò kámẹ́rà àwọn ilé ìtajà tó wà létí títì kì í pẹ́ kó tó pa ara rẹ̀ rẹ́, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ojú ibẹ̀, ní wákàtí kan náà pẹ̀lú ti tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀, kí ẹ̀yin ya fọ́tò láti ibi tí ojú awakọ̀ máa ń wà. Fọ́tò tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ tàbí tó dúró lórí òkìtì yà kò fi ohun tí awakọ̀ rí hàn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka igi ló bo àmì, ẹ yà á láti 50 mítà, láti 30, láti 10, kí ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn fọ́tò. Igi tó bo àmì lónìí lè má rí bẹ́ẹ̀ nígbà ẹjọ́, nítorí náà ẹ má jáfara. Bí oṣù bá ti kọjá, àwòrán ojú títì ti Google máa ń ní oṣù àti ọdún lára, ó sì lè ràn yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ní ẹ ò jẹ̀bi, kí ẹ gba ọjọ́

Ẹ fèsì lọ́nà tí ìwé náà sọ, kí ẹ mú àpá ìfèsì náà dání: rìsíìtì ìfìwéránṣẹ́ tàbí òǹtẹ̀ kóòtù. Àkókò kì í pọ̀. Ní Jámánì, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó, láti ọjọ́ tí ìwé ìtanràn dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún "mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mo ní àlàyé." Ẹ̀bi ni kóòtù máa kọ sílẹ̀. Àlàyé yẹn kàn lè mú kí owó dín kù ni.

Bí èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀ báyìí, kì í ṣe lọ́jọ́ ẹjọ́. Ẹ má mú ọmọ yín lọ ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Öztürk, ará Tọ́kì tó ń gbé ní Jámánì, forí ọkọ̀ gbá ọkọ̀ tó dúró jẹ́jẹ́ ní ọdún 1978. Wọ́n bù ú ní owó ìtanràn máàkì 60 (owó Jámánì ìgbà náà), ó takò ó, nígbà tó sì yá ó fà sẹ́yìn. Kóòtù wá ní kó san máàkì 63.90 fún ògbufọ̀ tó bá a túmọ̀, tó ju owó ìtanràn fúnra rẹ̀ lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg. Ní ọdún 1984, wọ́n dá a láre: bí ẹ̀ṣẹ̀ náà tilẹ̀ kéré, ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà sọ ọ́ ní abala 36 pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn tí kò gbọ́ èdè kóòtù lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ láìsanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ ẹjọ́

Ẹ tètè dé. Ẹ mú ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta nínú gbogbo ìwé àti fọ́tò: ti adájọ́, ti agbefọ́ba, tiyín. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, agbefọ́ba lè pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé bí ẹ bá gbà, òun á dín in kù. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ṣé ó máa wọ àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì mi? Fún ẹni tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ máa gbówó lórí, tàbí tó ń fi ọkọ̀ jẹun, ìdáhùn ìbéèrè yẹn níye lórí ju iye owó tó fẹ́ dín lọ. Bí ẹ̀ṣọ́ tó já tíkẹ́ẹ̀tì kò bá wá, àwọn kóòtù kan máa fagi lé e, àwọn mìíràn máa sún un síwájú. Ẹ má gbọ́kàn lé e.

Wọ́n máa ń ní ẹjọ́ là ń kọ́, a kì í kọ́ ìjà. Ibi tó ti hàn jù ni ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá ń bi ẹ̀ṣọ́ náà léèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè kúkúrú, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, látinú àkọsílẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Báyìí:

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá?"
"Bẹ́ẹ̀ ni."
"Láti ibẹ̀, ṣé ẹ rí ìlà ìdúró?"
"Mo rí iná kedere."
"Ìlà ni mo béèrè, ọ̀gá."
"Rárá. Bọ́ọ̀sì náà dí i."
"Ẹ ṣeun."

Ẹ jókòó. Ẹ má fi kún un pé "ṣé ẹ wá rí i pé irọ́ lẹ pa mọ́ mi?" Bí ẹ bá béèrè ìyẹn, ẹ ti fún un láyè láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Adájọ́ ti gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́.

Nígbà tó bá kan yín, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ fi fọ́tò hàn, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka tí ẹ gbá mú, kí ẹ dákẹ́. Àwọn gbólóhùn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀bi ni wọ́n ń jẹ́wọ́. "Gbogbo ọkọ̀ ló ń sáré bẹ́ẹ̀" túmọ̀ sí pé ẹ̀yin náà sáré. "Mi ò mọ̀ pé òfin wà" kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. "Díẹ̀ ni mo fi kọjá a" ti gbà pé ẹ kọjá a, ó kù kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. "Mò ń kánjú" náà ńkọ́? Ó dà bíi kí ẹ bá agbefọ́ba ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àyàfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì tòótọ́, tí ẹ sì ní ìwé ilé ìwòsàn tí wákàtí rẹ̀ bá ti tíkẹ́ẹ̀tì mu.

Tíkẹ́ẹ̀tì kékeré ni mò ń sọ láti òkè wá. Bí èèyàn bá fara pa, bí ọtí bá wọ ọ̀rọ̀ náà, tàbí bí ẹ̀wọ̀n bá wà níbẹ̀, ẹ wá lọ́yà.

Lẹ́yìn ìdájọ́

Bí ẹ bá jàre, ẹ gba ìwé ìdájọ́ náà lọ́wọ́ akọ̀wé kí ẹ tó kúrò lọ́gbà kóòtù, kí ẹ sì béèrè bí owó ìdúró yín ṣe máa padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì yín wò, torí kóòtù àti ọ́fíìsì tó ń ṣe láísẹ́ǹsì kì í ṣe ibì kan náà, ìròyìn sì máa ń pẹ́ láàárín wọn.

Bí ẹ bá jẹ̀bi, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀ bí owó ò bá sí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ kóòtù máa gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún. Ẹ bi akọ̀wé ní ọjọ́ tí ẹ ní láti fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó fi ìwé ro ẹjọ́ rẹ̀ ní California tó sì jẹ̀bi, ó ní ọjọ́ 20 láti béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ọ lákọ̀tun níwájú adájọ́. Bí ẹ bá pinnu pé ẹ ò lọ síwájú mọ́, ẹ san án kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí ẹ sì fi rìsíìtì náà pamọ́ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀.